Ọwọ́ Murdo Lórí Ẹ̀yìn Àgùntàn

Ìkùukùu ti gbé gbogbo àfonífojì mì ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Odò Mataura ti pòórá, òkè Hokonui ti pòórá, àwọn àgùntàn gan-an ò ríra wọn dáadáa. Èémí wọn nìkan ló ń jáde látinú funfun bọ́ sínú funfun mìíràn. Murdo Gillanders dúró lẹ́bàá ọ̀nà tóóró tí wọ́n fi pákó kàn, níbi tí àgùntàn kò ti lè kọjá ju ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan lọ. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí wọn bó ti ń ṣe láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti pupa bí idẹ. Irun náà ti funfun báyìí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Fenella, dúró níwájú, níbi ilẹ̀kùn tí wọ́n fi ń pín ẹran.

"Òkè," ni Murdo wí. Fenella ti ilẹ̀kùn sápá òsì, àgùntàn náà sì gba ibẹ̀ sáré lọ.

"Òkè."

"Òkè náà ni, Dádì?"

"Ṣé o gbọ́ tí mo pe oko ni? Òkè!"

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kò ṣòroó yé. Láàárín ìgbà òtútù, nígbà tí oyún bá ti ń wú nínú àwọn abo àgùntàn, koríko kì í tó. Èyí tó bá ti ń rù yóò lọ sí oko gbòǹgbò, níbi tí wọ́n gbin gbòǹgbò aládùn sí kí ẹran máa gé e jẹ nínú ilẹ̀. Èyí tí ara rẹ̀ bá ṣì le yóò gun òkè lọ, yóò máa fi koríko gbígbẹ tan ara rẹ̀ títí di ìgbà ìbímọ. Oko náà kò gba gbogbo wọn, pàápàá lọ́dún tí ẹ̀ẹ̀rùn ti jó gbòǹgbò mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń pín wọn gbọ́dọ̀ mọ èyí tó rù lóòótọ́, ojú ò sì lè sọ ọ́. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Abo àgùntàn tó wọ irun òtútù lè rí rọ̀bọ̀tọ̀ bí ìyàwó olówó, kó sì jẹ́ pé eegun lásán ló wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí pé ọmọ inú gbọ́dọ̀ jẹun. Bí koríko ò bá tó, ọmọ yóò jẹ ọ̀rá ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Bí ọ̀rá bá tán, ó kan ẹran ara. Kì í ṣe pé ọmọ náà burú, ebi ló ń pa á. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ki ìka bọ inú irun, lẹ́yìn egungun ìhà tó gbẹ̀yìn, tí wọ́n á tẹ eegun ẹ̀yìn wò.

Ní gbogbo agbègbè yẹn, kò sí ọwọ́ tó dà bíi ti Murdo. Àwọn aládùúgbò a máa pè é wá wo ẹran wọn, wọn a sì fi tíì àti búrẹ́dì oníwàràkàṣì kíká ṣe é lálejò. Wọ́n ní ìka rẹ̀ lè sọ ohun tí àgùntàn jẹ lánàá. Alby Sproule tí oko wọn jọ pààlà a máa kọ ẹ̀yìn sí i létí ọgbà, á ní, "Murdo, jọ̀ọ́ fọwọ́ bà mí níbí, kó o sọ fún ìyàwó mi bóyá oko ló kàn mí àbí òkè." Murdo á dáhùn pé, "Ìwọ? Ọjà ló kàn ọ́!"

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ni pé ọwọ́ náà ti sùn. Ó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n tú àgbò sáàárín àwọn abo. Ó kọ́kọ́ ń ṣe é bí ẹni pé èèrà ń rìn lórí ìka. Nígbà tó yá èèrà lọ, gbogbo nǹkan yòókù sì bá a lọ. Murdo ṣì lè di nǹkan mú, ó ṣì lè so okùn, bí ó bá ṣáà ti ń wò ó. Tó bá gbójú kúrò, kò mọ̀ bóyá ọwọ́ òun ṣì wà ní ìparí apá òun. Dókítà kan ní ìlú Gore sọ fún un pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ló ba iṣan ọwọ́ jẹ́, kó yé jẹ nǹkan aládùn, kó sì padà wá. Murdo délé, ó sọ fún Rhona ìyàwó rẹ̀ pé dókítà ní òun le bí akọ màlúù, ó sì jẹ àkàrà pẹlẹbẹ mẹ́rin pẹ̀lú jáàmù láti fi jẹ́rìí ara rẹ̀. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, làwọn àgbà wí. Olórí kunkun yìí gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ ju bó ti yẹ lọ.

Lójú oorun nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ ti ń jí. Ó máa ń lá àlá pé òun ń fọwọ́ ra irun àgùntàn, ó gbóná, ó lọ́ràá, eegun sì wà nísàlẹ̀ bí òkúta inú odò. Á jí, á sì rí ọwọ́ méjì lórí aṣọ ìbora bí ẹni pé àlejò ló gbàgbé wọn síbẹ̀.

Báwo ló ṣe wá ń pín ẹran? Òṣùwọ̀n ni. Fenella ti lọ ṣiṣẹ́ ní oko ńlá kan ní àríwá, nígbà tó sì padà, ó ra àgò onírin kan tí àgùntàn ń wọ̀, tí nọ́ńbà ìwọ̀n rẹ̀, ti báyìí àti ti ìṣáájú, á sì yọ lára rẹ̀. Murdo ti fi nǹkan yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́dún àkọ́kọ́, ó tún fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́dún kejì. "Abo yẹn, ọmọ inú rẹ̀, omi ọmọ, àti òjò tó wà nínú irun, gbogbo ẹ̀ lò ń wọ̀n pọ̀," ló máa ń wí. "Tí mo bá gbé Moss sábíyá gun òṣùwọ̀n, ṣé mo ti sanra nìyẹn?" Moss ajá rẹ̀ á sì gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, á ju ìrù.

Lọ́dún yìí kò ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ń jí nọ́ńbà náà wò bí àgùntàn kọ̀ọ̀kan bá ti ń gba inú àgò kọjá. Bí nọ́ńbà bá ga ju ti ìgbà tí wọ́n tú àgbò lọ, á ki ọwọ́ rẹ̀ tó ti sùn bọ inú irun, á dijú bó ti máa ń ṣe, á sì pe òkè. Nọ́ńbà gbogbo wọn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ga, pàápàá àwọn tí wọ́n kun ọ̀dà aró sí nídìí, ìyẹn àwọn tí ọkùnrin tó ń fi ẹ̀rọ wo inú àgùntàn ti sọ pé wọ́n lóyún ìbejì.

"Dádì, ẹ̀yin àti òṣùwọ̀n ti fẹnu kò!" Fenella kígbe láti ibi ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ pọ́n fún òtútù àti ìdùnnú. "Mo mọ̀ pé ọjọ́ kan á jọ́kan."

Ìdùnnú yẹn ló pa ẹnu bàbá náà dé. Ọmọ tó ti ń wá ojúure rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ rò pé òun ti rí i. "Òkè," ni Murdo wí, ó sì dijú.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kọjá. Ìkùukùu padà wá, ó fẹ́lẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, oòrùn sì wà lẹ́yìn rẹ̀ bí àtùpà tí wọ́n faṣọ bò. Murdo gun alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin rẹ̀ lọ wo àwọn tó wà lókè, Moss jókòó sẹ́yìn. Ní ìpẹ̀kun ọgbà, níbi tí wáyà ti wọ inú koríko gíga, abo àgùntàn kan dá dúró. Ó mọ̀ ọ́n. Elétí-Yíya ni, èyí tí wáyà ya létí nígbà tó wà ní kékeré, tó sì máa ń ti imú bọ àpò rẹ̀ wá jí búrẹ́dì. Ọ̀dà aró wà nídìí rẹ̀. Ó gbé orí sókè, ó ń wòkè bí ẹni tó ń ka ìràwọ̀ lọ́sàn-án.

Moss sún mọ́ ọn, kò mira. Murdo ju ọwọ́ níwájú ojú rẹ̀, ojú náà ò ṣẹ́. Ó là sílẹ̀, ó mọ́ lóló, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan níhìn-ín tó ń rí. Eyín rẹ̀ ń rọra pa ara wọn. Ó dà bíi pé ilé kan wà níbòmíràn tó ń wò, tí ó sì dùn ún wò. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní àìsàn ìtòògbé. Abo tó lóyún ìbejì ló sábà máa ń mú, nígbà tí ọmọ méjì bá ti jẹ ìyá dé ibi tí oúnjẹ ò ti dé ọpọlọ rẹ̀ mọ́.

Fún ìgbà díẹ̀, Murdo náà gbójú sókè síbi tí ó ń wò. Funfun ni gbogbo rẹ̀, ó ń rọra yí, kò sì sí ìró kankan láyé. Àwọn méjèèjì dúró bẹ́ẹ̀, èyí tí kò ríran mọ́ àti èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ nǹkan mọ́. Murdo mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì fẹ́.

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́. Ó ki ìka bọ inú irun, ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ títí. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àlá tiẹ̀ dára jù ú lọ. Nígbà náà ló kúnlẹ̀ sínú ìrì, ó fi ọwọ́ la irun náà sí méjì, ó sì gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ẹ̀yìn àgùntàn náà.

Eegun gún un lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó mú bí ẹnu àdá, oríkèé kọ̀ọ̀kan dá wà lọ́tọ̀, awọ nìkan ló bò ó. Láàárín eegun yẹn àti ayé, irun ẹlẹ́wà nìkan ló wà. Murdo gbé ojú kúrò, ó wo àwọn yòókù tó ń jáde wá láti inú ìkùukùu ní méjì-méjì, ní mẹ́ta-mẹ́ta, gbogbo wọn rí rọ̀bọ̀tọ̀, gbogbo wọn kun aró nídìí, gbogbo wọn ni òun ti pè ní òkè. Ẹ̀rù bà á.

Rédíò ti sọ láàárọ̀ pé atẹ́gùn gúúsù ń bọ̀ lọ́la, pẹ̀lú òjò dídì. Abo tó lọ́ràá lára lè dúró de òjò dídì lórí òkè. Abo tó rù, tó sì gbé ọmọ méjì, yóò dùbúlẹ̀, kò sì ní dìde. Murdo gbé Elétí-Yíya sórí alùpùpù, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, irọ́ sì ń bá a sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Ọdọọdún ni ìtòògbé máa ń mú ẹyọ kan, ni irọ́ náà wí. Ta ló máa mọ̀? Bóyá òjò dídì ò tiẹ̀ ní wá. Ohùn rẹ̀ tutù, ó sì rọ̀ bí ìrọ̀rí.

Wọ́n tẹ́ àpò fún Elétí-Yíya lẹ́yìnkùlé, lẹ́bàá ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Fenella po oje ìrèké dúdú mọ́ omi gbígbóná, ó ń dà á sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, Rhona di orí rẹ̀ mú.

"Kò yé mi," ni Fenella ń wí. "Òṣùwọ̀n ní ó ti sanra sí i. Ẹ̀yin náà ní òkè. Tó bá jẹ́ òṣùwọ̀n nìkan ni, ǹ bá sọ pé ó purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fọwọ́ yín kàn án."

Murdo wọlé, ó gbé ife onírin tíì tó wà lórí sítóòfù, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó dì í mú láìtíì gbé e dẹ́nu. Rhona gbójú sókè. Ó rí ife náà, ó rí èéfín tó ń jáde lára irin náà fúnra rẹ̀.

"Murdo! Orí iná ni mo gbé ife yẹn sí!"

Fenella fò dìde, ó já a gbà pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́. Awọ àtẹ́lẹwọ́ bàbá rẹ̀ ti funfun, ó ti ń wú.

"Dádì, ṣé kò gbóná mọ́ yín lọ́wọ́ ni?"

Ìgbà ìkẹyìn nìyẹn tó lè purọ́. Ó lè ní ọwọ́ àgbẹ̀ ló yi, kí wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ó wo abo àgùntàn tó ń wo òrùlé bí ẹni tó ń wo párádísè, ó sì rẹ̀ ẹ́.

"Mi ò mọ nǹkan kan lọ́wọ́ mọ́," ló wí. "Látìgbà tí a ti tú àgbò. Nọ́ńbà rẹ ni mo ń jí wò, Fen. Mi ò mọ èyí tó rù nínú wọn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ni mo fi mọ̀ ọ́n lára èyí."

Eyín àgùntàn náà ṣì ń pa ara wọn.

"Gbogbo àwọn tó wà lókè!" Fenella ké. "Dádì! Ẹ̀ ń wò mí níran tí mò ń yọ̀! Ẹ̀ ń wò mí níran tí mò ń fọ́nnu fún Alby pé ẹ ti gba tèmi gbọ́!" Omi dé ojú rẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún tìbínú-tìbínú. "Ẹ̀yin tí ẹ bá mi wí pé òṣùwọ̀n ń wọn òjò!"

"Òótọ́ ni mo sọ nígbà yẹn."

"Mo mọ̀ pé òótọ́ ni! Ìyẹn ló ń dùn mí!"

Ohùn Rhona kò ga rárá. "Murdo, gbogbo ọjọ́ Sunday ni mò ń di ọwọ́ rẹ mú ní ṣọ́ọ̀ṣì. O ò mọ̀?"

Murdo wo ilẹ̀. "Mo máa ń rí i," ló wí.

Rhona yíjú padà sí àgùntàn náà, ó ń fọwọ́ pa á lórí láìdúró.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n kó gbogbo ẹran jọ, ti òkè àti ti oko. Ojú ọ̀run ní gúúsù ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Fenella dúró níbi tí bàbá rẹ̀ máa ń dúró.

"Ẹ ò kọ́ mi rí," ló wí. "Mo bẹ̀ yín títí nígbà tí mo wà ní kékeré. Ẹ ní kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kọ́, ẹ ní inú ọwọ́ ló ń gbé."

"Ìgbéraga ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá mi ló kọ́ mi." Murdo di ẹ̀ṣẹ́, ó nà án sí i. Ọdún púpọ̀ ni kò ti rántí bí ìyá rẹ̀ ṣe ṣe é, òun nìyí báyìí. "Fi ìka rẹ sórí oríkèé ọwọ́ mi. Tẹ̀ ẹ́. Gbogbo egungun lò ń kàn, àbí? Àgùntàn tó bá rí báyìí, ebi ń pa á. Ó yá, na ọwọ́ mi tààrà, tẹ ẹ̀yìn rẹ̀. O ṣì ń kan egungun, ṣùgbọ́n nǹkan bò ó. Ìyẹn lè gbìyànjú. Yí i padà. Ìdí àtàǹpàkò níbí, níbi tó rọ̀. Ìyẹn ti yó, kó gòkè lọ."

Fenella tẹ ọwọ́ bàbá rẹ̀, ó dijú, ó tún tẹ̀ ẹ́. Oríkèé, ẹ̀yìn ọwọ́, ìdí àtàǹpàkò. Bàbá náà ń wo ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lórí tirẹ̀ bí ẹni tó ń wo ẹja nínú omi. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè; ó ti mọ òwe náà látọjọ́ yìí, àárọ̀ ọjọ́ yẹn ló wá dun òun fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló lọ síbi ilẹ̀kùn. Kò dúró níbẹ̀ rí láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú.

"Oko," ni Fenella wí. Murdo tì í sápá ọ̀tún.

"Oko. Oko." Ohùn rẹ̀ ń lọ́ra ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í yára. "Òkè. Oko."

Abo ńlá kan dé, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ bí tábìlì, ó ń rìn bí ayaba. "Oko," ni Fenella wí. Ojú Murdo ní rárá. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ilẹ̀kùn, kò sì tì í. Fenella gbójú sókè wò ó, ó kàn dúró. Moss pàápàá wo Murdo. Murdo mí kanlẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn náà síbi tí wọ́n pè.

Àwọn tí ara wọn le nínú oko gòkè lọ rọ́pò àwọn tó rù. Alby Sproule gbọ́, ó sì gbé koríko gbígbẹ wá láìbéèrè nǹkan kan. Kò ní kí wọ́n fọwọ́ ba òun lẹ́yìn lọ́jọ́ náà. Òjò dídì dé nírọ̀lẹ́, ó ń já bọ̀ láìpariwo, ó bo òkè, ó bo wáyà, ó bo ẹsẹ̀ àwọn ẹran. Wọ́n pàdánù méjì. Fún àwọn tó mọ irú ọdún bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ọpẹ́ ni. Elétí-Yíya sun oorun rẹ̀ lẹ́bàá ilé ìdáná, ó sì jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ti imú bọ àpò Murdo.

Nígbà tí ewé ń rú, ó bí méjì, akọ àti abo. Inú ọgbà ẹ̀yìn ilé ló wà pẹ̀lú wọn ní ọjọ́ Sunday tí Fenella fà á wọ inú àgò onírin, kìkì láti wò ó. Gbogbo wọn ti múra ṣọ́ọ̀ṣì. Nọ́ńbà náà yọ, Fenella sì súfèé.

"Dádì, ó ti lọ sílẹ̀ gan-an ni o. Ó fúyẹ́ ju ti ìgbà tí a tú àgbò lọ dáadáa. Ibo ni gbogbo ẹ̀ gbà lọ?"

"Á tún fúyẹ́ sí i," ni Murdo wí. "Wàrà ṣì ń bọ̀ lára rẹ̀. Fọwọ́ kàn án."

Fenella ki ọwọ́ bọ inú irun, ó dijú. "Ẹ̀yìn ọwọ́," ló wí. "Ó lè gbìyànjú."

"Ó dáa. Tú u sílẹ̀."

Wọ́n tú u sílẹ̀. Àwọn ọmọ méjèèjì sáré sábẹ́ rẹ̀, wọ́n fi orí kàn án níkùn débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò nílẹ̀, ìrù wọn sì ń gbọ̀n bí ewé. Abo náà dúró, ó ń jẹ àpólà búrẹ́dì, ó ń wo Murdo tààrà.

Rhona jáde wá pẹ̀lú fìlà rẹ̀ lórí. Láti ọjọ́ ife yẹn kò di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, Murdo sì ti rí ìyẹn náà, kò sì mọ bí òun ṣe máa sọ ọ́. Ó na ọwọ́ sí i báyìí bí ẹni tó ń béèrè nǹkan. Rhona wo ọwọ́ náà. Kò mú un. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó sún mọ́ ọkọ rẹ̀ dáadáa, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lẹ́rẹ̀kẹ́, níbi tí eegun àgùntàn ti gún un.

Murdo dúró jẹ́ẹ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọwọ́ yẹn ti kàn án.

"Ọwọ́ rẹ tutù," ló wí.